Ẹ̀rín Nínú Ilé Ẹjọ́

Ìbéèrè kan wà tí ó ti ń gbé mi lọ́kàn fún ọdún pípẹ́. Bí a bá pe ọlọ́rọ̀ ńlá kan wá jẹ́rìí nínú ẹjọ́, tí a ní kí ó búra, tí a ní kí ó sọ ohun tí ó mọ̀, tí ó sì wá ń lọ́ ọ̀rọ̀ bí ẹni ń lọ́ okùn, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a fi í ṣe ẹ̀fẹ̀? Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè sọ pé ìbéèrè ọmọdé ni. Òfin kò ka ẹ̀rín léèwọ̀, ọlọ́rọ̀ tí a sì fi ṣe ẹ̀fẹ̀ kò di òtòṣì nítorí bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ohun méjì ni ó yí mi lọ́kàn padà. Ọ̀kan ni ẹjọ́ kan tí wọ́n ṣe ní ìlú Washington, èyí tí gbogbo ayé mọ̀. Èkejì ni ẹjọ́ ilẹ̀ kan tí ó ṣojú mi, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ yàtọ̀ sí àwa tí a wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ti Washington. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1998, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà àti ogúnlọ́gọ̀ ìpínlẹ̀ ilẹ̀ náà pe ilé-iṣẹ́ Microsoft lẹ́jọ́. Òfin tí wọ́n gùn lé ni òfin Sherman, tí wọ́n ti ṣe láti ọdún 1890, òfin tí kò fi àyè gba kí ẹnì kan ṣoṣo fi àrékérekè gba ọjà mọ́ gbogbo àwọn yòókù lọ́wọ́. Bí a bá bọ́ èdè àwọn agbẹjọ́rò kúrò lára ẹ̀sùn náà, kò le láti yéni. Ètò Windows tí Microsoft ń ṣe ni ó wà nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí ènìyàn ń rà nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ mìíràn, Netscape, wá gbé ètò kan jáde tí àwọn ènìyàn fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán apá kì í ká a mọ́. Ìjọba ní ohun tí Microsoft rò nìyẹn, àti pé wọ́n lo agbára tí wọ́n ní lórí àwọn tí ń ṣe kọ̀ǹpútà láti fi dínà mọ́ Netscape.

Bill Gates ni ọ̀gá àgbà Microsoft nígbà náà, òun náà sì ni ẹni tí wọ́n kà sí olówó jù lọ láyé. Kò wá sí iwájú adájọ́ lásìkò yẹn. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ni ó lọ bá a ní ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Redmond, ní òpin oṣù kẹjọ àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ọdún 1998. Wọ́n ní kí ó búra, wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko bi í léèrè ọ̀rọ̀, fídíò sì ń ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. David Boies ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìbéèrè náà.

Ibi kan wà nínú ìbéèrè àti ìdáhùn yìí tí àwọn ènìyàn kò gbàgbé. Wọ́n gbé í-meèlì kan ka iwájú ọ̀gá yìí, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lórí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe pàtàkì púpọ̀. Lọ́yà bi í pé ta ni ó tẹ ọ̀rọ̀ yẹn sórí rẹ̀. Ó ní kọ̀ǹpútà ni. Lọ́yà ní kí ló dé tí kọ̀ǹpútà fi tẹ̀ ẹ́. Ó ní àmì kan lára í-meèlì náà ni. Ta ni ó máa ń fi àmì náà sí i? Ó ní ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ ni ó sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ta wá ni ó fi èyí ránṣẹ́? Ó ní, ní ti èyí, ó jọ pé òun ni.

Mo ti ka ibẹ̀ ní àìmọye ìgbà, n kò sì tíì kà á kí n má rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tí ó kó kọ̀ǹpútà wọ ilé àti ọ́fíìsì gbogbo ayé ni ó ń ti ẹ̀bi sọ́rùn kọ̀ǹpútà, bí ọmọ tí ó jẹ ẹran inú ìkòkò tí ó ní ológbò ni. Ní ibòmíràn, wọ́n bi í pé àwọn ètò íntánẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ mìíràn wo ni ó ń kọ ọ́ lóminú ní oṣù kìíní ọdún 1996. Ó ní òun kò mọ ohun tí lọ́yà ń pè ní kíkọni lóminú. Lọ́yà wá bi í pé kí ni kò yé e nínú ọ̀rọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a lọ, tí wọ́n ń fi odidi wákàtí jà lórí ọ̀rọ̀ tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀.

Nígbà tí wọ́n ń fi fídíò náà hàn ní kóòtù láti oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ẹ̀rín sọ nínú ilé. Àwọn oníròyìn rẹ́rìn-ín, àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín. Adájọ́ Thomas Penfield Jackson, tí ẹjọ́ náà wà níwájú rẹ̀, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì mi orí. Ẹ fi adájọ́ yìí sọ́kàn, n óò padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọdún náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ọdún yẹ̀yẹ́ fún àwọn ènìyàn ńlá. Ní oṣù kejì ni àwọn kan ti sọ àkàrà òyìnbó oníkíríìmù lu Gates yìí kan náà lójú ní ìlú Brussels, tí gbogbo ayé sì rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ, bí ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìbéèrè ti Redmond, Ààrẹ Clinton jókòó síwájú fídíò tirẹ̀ lábẹ́ ìbúra, ó sì ní ohun tí òun yóò fi dáhùn dá lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kékeré kan báyìí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ pé nǹkan ń bẹ. Ẹni tí ó lágbára jù àti ẹni tí ó lówó jù ní ayé ń bèèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ lọ́yà nínú oṣù kan ṣoṣo. Ta ni kò ní rẹ́rìn-ín?

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ẹ̀rín gan-an ni mo ń bá jà. Èdè wa kò kó gbogbo ẹ̀rín sínú àpò kan. Àwàdà ni èyí tí àwa méjèèjì jọ ń rín; bí ọ̀kan kò bá rẹ́rìn-ín, àwàdà ti tán. Ẹ̀fẹ̀ ní ẹ̀gún lára: a sọ ọ́ kí ara lè ta ẹnì kan díẹ̀, kí àwọn yòókù sì mọ ìdí tí ó fi ń ta á. Yẹ̀yẹ́ kò wá ìtúnṣe kankan, aṣọ ara ẹni ni ó ń wá láti bọ́. Ẹ̀sín ni ohun tí ó kù sílẹ̀ fún ẹni tí a bọ́ láṣọ lẹ́yìn tí àwọn olùrẹ́rìn-ín bá ti lọ sílé. Àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí a máa wọnú ara wọn lẹ́nu àwa tí a ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le, kò sí àgbàlagbà tí kò mọ ìgbà tí àwàdà rékọjá sí yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀fẹ̀ ni mo fẹ́ gbèjà. Ní ilẹ̀ Kétu àti láàrin àwọn ènìyàn Yewa, òru Ẹ̀fẹ̀ ni ó máa ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n ń jó lọ́sàn-án. Ní òru yẹn, akọrin tí ó gbé agọ̀ yóò jáde sí gbangba ọjà, yóò sì dá orin lé ẹni tí ó ṣe àìda láàrin ìlú, ìbáà jẹ́ olówó, ìbáà jẹ́ olóyè. Ẹni tí ó kọrin bá kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn án. Mo máa ń fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣàkíyèsí ohun méjì nínú ètò yìí. Akọrin kì í dá orin kankan kí ó tó júbà. Ó ń jẹ́wọ́ pé a yọ̀ǹda fún òun ni, kì í ṣe pé òun ni ó ni ìlú. Èkejì ni pé ọjà ni ó ti ń kọ ọ́. Kò sí ẹni tí ó ń gbé agọ̀ Ẹ̀fẹ̀ jókòó ti ọba níbi tí wọ́n ti ń dá ẹjọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí wọ́n bá fẹ́ fi ẹ̀sùn kan ẹni tí wọ́n kọrin bá, ẹlòmíràn ni yóò gbọ́ ọ, ní ibòmíràn, láìsí ìlù.

Nítorí náà, ará ọjà tí ó fi Gates ṣe ẹ̀fẹ̀ kò ṣẹ̀. Ẹni tí kò ní owó tí yóò fi gba lọ́yà, tí kò lè yan ètò mìíràn sínú kọ̀ǹpútà tí ó rà, tí ó ń sanwó Windows bí ó fẹ́ bí ó kọ̀, kí ni ó kù fún un bí kò ṣe ẹnu? Ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni a fi í rín. Mo tilẹ̀ gbà pé irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí òfin kò lè ṣe. Òfin lè mú ọlọ́rọ̀ jókòó sórí àga, ṣùgbọ́n kò lè mú un kéré. Ìgbà tí a rí i tí ó ń wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kiri ni a mọ̀ pé ènìyàn bí tiwa ni, tí ìbẹ̀rù lè mú.

(Ẹ̀rín kan wà láàrin wọn tí n kò gbèjà. Àwọn kan fi bí ó ti ń mi ara síwá sẹ́yìn lórí àga ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn kan fi irun rẹ̀ ṣe é. Àwọn tí wọ́n tọ́ wa ní a kì í fi ara tí Ọbàtálá mọ rẹ́rìn-ín, ó sì tó bẹ́ẹ̀.)

Nǹkan wá yí padà nígbà tí ẹ̀rín kúrò lọ́jà tí ó gun orí àga ìdájọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1999, Adájọ́ Jackson kéde ohun tí ó rí nínú ẹ̀rí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2000, ó ní Microsoft rú òfin. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà, ó ní kí wọ́n pín ilé-iṣẹ́ náà sí méjì. Ìdájọ́ ńlá ni. Àṣé nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, adájọ́ ti ń pe àwọn oníròyìn kan sí yàrá rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, tí ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, lórí àdéhùn pé wọn kò ní tẹ̀ ẹ́ jáde títí ìdájọ́ yóò fi wáyé. Bí wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde ni ayé rí i pé ẹ̀fẹ̀ ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó fi Gates wé Napoleon. Ó fi àwọn ọ̀gá Microsoft wé ẹgbẹ́ àwọn tí ń ta oògùn olóró tí òun ti dá lẹ́jọ́ rí, àwọn tí kò jẹ́wọ́ títí dé òpin. Ó sì pa ìtàn ọkùnrin kan tí ó ní ìbaaka tí ó mọ onírúurú idán. Wọ́n ní kí ọkùnrin náà fi bí ó ti kọ́ ọ hàn wọ́n. Ó gbé pákó, ó là á mọ́ ìbaaka lórí, ìbaaka sì wó lulẹ̀. Ó ní ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ìbaaka kọ́kọ́ mọ̀ pé òun ń bá a sọ̀rọ̀. Adájọ́ ní òun lérò pé Microsoft ti mọ̀ báyìí pé òun ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Ìtàn náà dùn. Ká ní lẹ́nu alágbàtà lọ́jà ni a ti gbọ́ ọ ni, à bá fún un ní ẹmu. Ṣùgbọ́n pákó tí adájọ́ ń sọ yìí kì í ṣe pákó inú ìtàn. Ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni ó wà. Ìyẹn ni ìyàtọ̀ tí mo ń wá láti sọ. Ẹ̀fẹ̀ ń bẹ lẹ́nu ẹni tí kò ní pákó. Bí ẹni tí ó ní pákó bá ń ṣe ẹ̀fẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ mọ́ bóyá nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ni ó fi na ìbaaka tàbí nítorí pé nínà rẹ̀ ń pa á lẹ́rìn-ín.

Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ èrò wọn ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2001. Àwọn adájọ́ méje ni, ohùn wọn sì ṣọ̀kan. Wọ́n gbà pé Microsoft rú òfin ní ọ̀nà kan tí ó ṣe pàtàkì, ìyẹn ni pé wọ́n fi ọ̀nà àìtọ́ di ọjà wọn mú. Wọ́n sì fagi lé àṣẹ pé kí wọ́n pín ilé-iṣẹ́ náà. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ nìkan ni ó fà á, wọ́n ní kò gbọ́ ẹ̀rí tí ó tó kí ó tó pàṣẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n gba ẹjọ́ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò rí ẹ̀rí pé ó ṣe ojúsàájú ní tòótọ́, àmọ́ ohun tí ó sọ tó láti mú kí aráyé ṣiyèméjì. Adájọ́ mìíràn, Colleen Kollar-Kotelly, ni ó gba ẹjọ́ náà. Iwájú rẹ̀ ni Gates fúnra rẹ̀ ti wá jẹ́rìí ní oṣù kẹrin ọdún 2002, pẹ̀lú sùúrù àti àlàyé, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí i fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Wọn kò pín Microsoft mọ́.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti yí po. Ọlọ́rọ̀ ni ó lọ́ ọ̀rọ̀ lábẹ́ ìbúra, adájọ́ ni wọ́n bá wí lórí ọ̀rọ̀ sísọ. Àwọn kan ní ìrẹ́jẹ ni. Ní tèmi, mo rò pé ó tọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni; adájọ́ tí ó sì ti ń fi ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ṣe yẹ̀yẹ́ ní yàrá, ẹjọ́ ẹnìkan ni ó ń gbọ́ bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀.

Bí mo bá dúró níbí, ọ̀rọ̀ mi yóò rọrùn: kí ará ọjà máa rẹ́rìn-ín, kí adájọ́ má rẹ́rìn-ín. Àkókò kan wà tí mo dúró níbẹ̀, tí mo tilẹ̀ ti kọ́ àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ará ọjà náà ní ọ̀ràn tirẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, wọ́n pe Mark Zuckerberg, ọ̀gá Facebook, síwájú àwọn aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà. Èyí kì í ṣe ilé ẹjọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè àti ìdáhùn ni níbẹ̀ náà. Orrin Hatch, aṣòfin ẹni ọdún 84, bi í pé báwo ni wọ́n ti ń rí owó nínú iṣẹ́ tí àwọn tí ń lò ó kò sanwó fún. Ó dáhùn ní gbólóhùn kan pé ìpolówó ọjà ni àwọn ń ṣe. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ìdáhùn náà sì di ẹ̀fẹ̀ kárí ayé. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ọlọ́rọ̀ ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín, àgbàlagbà tí ó bèèrè ni. Wọ́n ní ẹ wo bàbá arúgbó tí kò mọ bí Facebook ti ń jẹun. Ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè wo ni ó ṣe kókó ju ìyẹn lọ? Bí a kò bá sanwó fún ohun tí a ń lò, ta ni ó ń san án, kí sì ni a fi ń san án? Ìdí gan-an tí wọ́n fi pe ọ̀gá náà nìyẹn: ọ̀rọ̀ nípa ara ẹni tí àwọn ènìyàn kó fún Facebook, tí ó bọ́ sọ́wọ́ Cambridge Analytica. Ẹ̀rín bo ìbéèrè náà mọ́lẹ̀, ẹni tí wọ́n bi sì jàre.

Ìgbà yẹn ni ó yé mi pé ẹ̀rín kò ní ojú. Kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹni tí ó bèèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kí ó lè fi sá fún òtítọ́ àti ẹni tí ó bèèrè rẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni òtítọ́ wà. Etí kan náà ni ó fi ń gbọ́ àwọn méjèèjì. A lè gbèjà Gates pàápàá níhìn-ín. Ẹni tí ó búra ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí wọ́n bi í kí ó tó dáhùn, nítorí ọ̀rọ̀ kan tí ó bá ṣì sọ lè di okùn sí i lọ́rùn. Òun lo ẹ̀tọ́ yẹn ní ìlò èké, mo gbà. Síbẹ̀ ẹ̀tọ́ ni, kì í sì í ṣe olówó ni ó nílò rẹ̀ jù.

Èyí ni ó mú mi dé orí ẹjọ́ ilẹ̀ tí mo mẹ́nu bà níbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2006, àwọn ẹbí méjì kan ń bá ara wọn ṣẹjọ́ lórí oko kòkó. Ìwé àdéhùn kan wà tí wọ́n kọ ní èdè Yorùbá láti ayé àwọn bàbá wọn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì di àríyànjiyàn. Wọ́n pè mí kí n wá ṣàlàyé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ́ ìmọ̀ èdè náà. Bí mo ti jókòó tí mo ń retí kí ó kàn mí, bàbá àgbà kan ni ó wà níbi tí ẹlẹ́rìí ń dúró sí. Irin ni ó fi búra. Lọ́yà kejì bi í ní Gẹ̀ẹ́sì pé ìgbà wo ni ó di ẹni tí ó ni ilẹ̀ náà. Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún un. Bàbá ronú fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Kí ni ẹ̀ ń pè ní níní?”

Lọ́yà yíjú sí àwa tí a jókòó. Ó ní bàbá kò mọ ohun tí ń jẹ́ níní, ṣùgbọ́n ó mọ iye tí wọ́n ń ra kòkó. Ilé ẹjọ́ bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín, mo rántí ìyẹn dáadáa; ó kàn ń kọ̀wé lọ ni. Èmi rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín nítorí pé Gates ni mo rántí, mo rò pé ọgbọ́n kan náà ni bàbá ń ta. Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tí wọ́n bi bàbá, “Èmi ò mọ̀” ni ó fi dáhùn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pé kò mọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó kàn mí. Wọ́n bi mí ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà gan-an bí ó ti wà nínú ìwé àdéhùn. Mo ṣàlàyé pé nínú àṣà ilẹ̀ wa, ẹni tí wọ́n fún ní oko tí ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ni ó ni igi kòkó tí ó gbìn, ó sì lè fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ni ilẹ̀ tí igi náà dúró sí. Mo ní bí a bá bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ìgbà wo ni ó di ẹni tí ó ni ibẹ̀, ìdáhùn kan kò lè tó, nítorí níní méjì ni ó wà níbẹ̀. Mo lo nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú. Mo wọ kóòtù àti táì, oyè ọ̀mọ̀wé mi sì wà nínú ìwé tí wọ́n kà síta kí n tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Lọ́yà tí ó ṣe ẹ̀fẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ń kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ kíákíá.

Ibẹ̀ ni mo wà, ní àárín gbólóhùn kan, tí mo fi mọ̀ pé ìbéèrè bàbá ni mo ń dáhùn láti ìgbà tí mo ti dìde. Ohun tí èmi fi 40 ìṣẹ́jú sọ ni òun fi gbólóhùn kan bèèrè.

Àwọn ẹbí bàbá kò jàre nínú ẹjọ́ náà. N kò lè búra pé ẹ̀rín wa ni ó fà á. Ẹ̀rí mìíràn wà níbẹ̀, adájọ́ sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ ẹjọ́ náà: gbogbo ohun tí bàbá ìbá ti sọ láàrin “Kí ni ẹ̀ ń pè ní níní?” àti ìgbà tí wọ́n ní kí ó lọ jókòó.

Nínú ilé ẹjọ́ kan náà tí wọ́n ti fi Gates rẹ́rìn-ín ní Washington ni ọ̀gá Microsoft tuntun, Satya Nadella, ti wá jẹ́rìí ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Lọ́tẹ̀ yìí, ìjọba ni ó pè é kí ó wá sọ bí Google ti gba ọjà mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi rí i pé ẹ̀fẹ̀ ńlá ni, wọ́n sì pè mí lórí fóònù kí a lè jọ rín in. Mo rín díẹ̀. Bàbá oko kòkó ni ó wá sí mi lọ́kàn, bí mo ti bá a lábẹ́ igi ọdán níwájú kóòtù lọ́jọ́ náà, tí ó jókòó sórí gbòǹgbò, tí fìlà rẹ̀ wà lórí orúnkún.

Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó ní, “Ọ̀gá, ohun tí ẹ sọ nínú ilé lẹ́ẹ̀kan, ṣé kì í ṣe ohun tí mo bi wọ́n nìyẹn?”

Mo ní, “Òun ni, Bàbá.”

Ó ní, “Mo rí yín nígbà tí ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.”

N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Ó gbọn fìlà rẹ̀, ó dé e, ó sì ní kí n bá òun wo ojú títì bóyá ọkọ̀ tí ń lọ sí abúlé òun ti dé.